Bí ẹ ṣe lè ran ẹni tó ń mu sìgá lọ́wọ́ láti jáwọ́: ẹ kọ́kọ́ wo ibi tó dúró sí

Ìbéèrè kan ni àwọn ará Kétu, Àjàṣẹ́ àti Ṣábẹ̀ẹ́ ń bi mí lemọ́lemọ́: "Ọkọ mi ń mu sìgá. Mo ti sọ̀rọ̀ títí ó ti sú mi, kò gbọ́. Kí ni mo tún lè ṣe?" Nígbà mìíràn bàbá ni, nígbà mìíràn àbúrò tó ń gun zémidjan (ọ̀kadà akérò), nígbà mìíràn ọ̀gá níbi iṣẹ́. Ìdáhùn kan náà ni mo máa ń fún wọn: ẹ dákẹ́ ná, ẹ kọ́kọ́ wádìí ibi tí ọkàn onítọ̀hún dúró sí. Ọ̀rọ̀ tó yẹ ẹni tó fẹ́ fi sìgá sílẹ̀ lọ́la kò yẹ ẹni tí kò tíì rò ó rí. Bí ẹ bá sọ ọ́ fún un bẹ́ẹ̀, inú ni yóò bí i, yóò sì tan òmíràn.

Ọ̀dọ̀ àwọn onímọ̀ tó ń ṣèwádìí lórí bí ènìyàn ṣe ń yí ìṣe rẹ̀ padà nítorí ìlera ni àwọn ìgbésẹ̀ ìsàlẹ̀ yìí ti wá. Mo ti yọ èdè ilé ìwé kúrò níbẹ̀. Ohun tí ẹ lè lò nínú àgbàlá yín ló kù.

## Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ béèrè, ẹ má tíì gbà á nímọ̀ràn

Prochaska àti DiClemente, onímọ̀ méjì ní Amẹ́ríkà, ṣàkíyèsí pé ẹni tó ń jáwọ́ nínú sìgá máa ń gba ipò márùn-ún kọjá:

1. Kò rò ó rárá. Kò sí lọ́kàn rẹ̀ láti jáwọ́ láàárín oṣù 6 tó ń bọ̀.
2. Ọkàn rẹ̀ pín sí méjì. Ó ń rò ó, àmọ́ kò tíì dá ọjọ́.
3. Ó ń múra. Ó fẹ́ ṣe é láàárín ọjọ́ 30, ó sì ti ń ṣe ohun díẹ̀díẹ̀ sí i.
4. Ó ti jáwọ́, àmọ́ kò tíì pé oṣù 6.
5. Ó ti lé ní oṣù 6, ó ń ṣọ́ ara rẹ̀ kó má padà síbẹ̀.

Láti mọ èyí tí tiyín wà, ìbéèrè mẹ́ta tó:

- "Bàbá, ṣé ẹ ti rò ó rí pé ẹ lè fi sìgá yìí sílẹ̀?"
- "Ìgbà wo lẹ rò pé ó lè ṣeé ṣe: oṣù yìí ni, ọdún yìí ni, àbí kò tíì wá sí yín lọ́kàn?"
- "Tí ẹ bá jí láàárọ̀, ó máa ń pẹ́ tó kí ẹ tó mu àkọ́kọ́?"

Ìbéèrè kẹta yẹn ni àwọn ènìyàn máa ń fò, bẹ́ẹ̀ òun ló máa sọ bí nikotíìnì, èròjà inú tábà tí ara kì í fẹ́ fi sílẹ̀, ṣe dì í mú tó. Ẹni tó ń tan sìgá kí ìṣẹ́jú 30 tó pé lẹ́yìn tó jí, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kọjá ìwà nìkan. Ara rẹ̀ ti ń bèèrè fún un. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè nílò oògùn tí mo máa sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ nísàlẹ̀, kí ẹ má lọ máa bá a wí pé kò ní ìpinnu.

Ẹ ṣọ́ra: ẹ má béèrè níwájú àlejò, ẹ má béèrè nígbà tí sìgá wà lẹ́nu rẹ̀, ẹ má sì béèrè láàárín ìjà. Bí ẹ bá kéré sí i lọ́jọ́ orí, ẹ tọrọ àyè: "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ béèrè ọ̀rọ̀ kan lọ́wọ́ yín, ẹ má bínú." Bí ẹ bá rí i pé ọ̀rọ̀ náà kò lè ti ẹnu yín jáde kó dùn ún gbọ́, ẹ bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọ̀rọ̀, tàbí ọ̀rẹ́ rẹ̀ àtijọ́ tó ti jáwọ́. Ọ̀rọ̀ ọmọ lè jẹ́ òótọ́ pọ́ńbélé kí bàbá má sì gbà á nítorí pé ọmọ ló sọ ọ́.

Ohun kan wà tí mo gbọ́dọ̀ fi kún un. Àwọn ipò márùn-ún yìí kì í ṣe àkàsọ̀ tí ènìyàn gbọ́dọ̀ gùn ní ìpele kọ̀ọ̀kan. Àwọn kan máa ń jí lọ́jọ́ kan, wọ́n á ju páálí sìgá nù, ó tán. Àwọn olùwádìí mìíràn tiẹ̀ ti fi hàn pé fífi ipò pín ènìyàn kò ṣiṣẹ́ ju ìrànlọ́wọ́ lásán lọ. Nítorí náà, ẹ fi í tẹ́tí sílẹ̀ ni, ẹ má fi í pa ìlẹ̀kùn. Bí ẹni tí "kò rò ó rárá" bá ní kí ẹ bá òun wá oògùn lónìí, ẹ bá a wá a lónìí.

## Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ sọ ohun tó bá ipò rẹ̀ mu

### Bí kò bá rò ó rárá

Ẹ má wàásù. Ẹ fi ohun kan ṣoṣo sílẹ̀ lọ́kàn rẹ̀, kí ẹ sì dákẹ́. Ohun náà gbọ́dọ̀ kàn án gan-an. Ẹ fi ti "sìgá ń pa ènìyàn" sílẹ̀, ó ti mọ ìyẹn láti ara páálí. "Mo gbọ́ ikọ́ yín láàárọ̀, ọkàn mi ò balẹ̀" sàn jù ú lọ. Bí ó bá fẹ́ gbọ́ sí i, ẹ fún un ní ìròyìn rere dípò ẹ̀rù. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé láàárín ìṣẹ́jú 20 lẹ́yìn sìgá ìkẹyìn, ọkàn tó ń sáré á bẹ̀rẹ̀ sí rọlẹ̀. Láàárín wákàtí 12, gáàsì májèlé tí èéfín kó sínú ẹ̀jẹ̀ á ti wálẹ̀ sí bó ṣe yẹ. Lẹ́yìn ọdún 1, ewu àrùn ọkàn á dín sí bí ìdajì ti ẹni tó ṣì ń mu ún.

Ẹ ó sì gbọ́ èyí, kò sí ilé tí wọn kì í ti sọ ọ́: "Bàbá bàbá mi fa ìkòkò tábà títí wọ́n fi darúgbó kùjọ́kùjọ́." Ẹ má bá a jiyàn. Àwọn tí tábà pa lọ́mọ ogójì ọdún kò sí níbí mọ́ tí ẹnikẹ́ni máa fi wọ́n ṣàpẹẹrẹ, àmọ́ ẹ má sọ ìyẹn sókè. Ẹ kàn ní, "Òótọ́ ni, Bàbá àgbà pẹ́ láyé. Ẹ̀yin ńkọ́, báwo ni èémí yín ṣe ń rí tí ẹ bá ru ẹrù láti ọjà dé ilé?" Kí ẹ fi ìbéèrè náà sílẹ̀ níbẹ̀.

### Bí ọkàn rẹ̀ bá pín sí méjì

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn wà, ibí yìí náà sì ni ìdílé ti ń ba nǹkan jẹ́. Ọkàn méjì ló ní: ọ̀kan ń fẹ́ sìgá, ọ̀kan ń fẹ́ jáwọ́. Bí ẹ bá gbèjà ìkejì kíkankíkan, kò sí ohun tó kù fún un ju kó gbèjà ìkíní lọ. Ohun tí ènìyàn bá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ló máa ń gbà gbọ́, ẹ jẹ́ kó jẹ́ pé òun ló máa sọ ìdí tó fi yẹ kó jáwọ́.

Ẹ lo òǹkà láti 0 dé 10. Bó ṣe lè lọ láàárín tọkọtaya nìyí:

— Bàbá Ráṣídì, láti 0 dé 10, mélòó ni ìfẹ́ yín láti fi sìgá sílẹ̀?

— Mẹ́rin.

— Kí ló dé tó fi jẹ́ mẹ́rin, tí kì í ṣe oókan?

— Hùn. Nítorí Ráṣídì ni. Ó ní aṣọ mi ń rùn, kò fẹ́ kí n gbé òun mọ́.

— Kí ló tún wà níbẹ̀?

— Ikọ́ òru yìí náà ò dáa.

— Kí ló lè gbé e láti mẹ́rin dé mẹ́fà?

— Ká ní mo mọ ohun tí màá máa fi ọwọ́ mi ṣe nígbà tí mo bá ń dúró de èrò.

Ẹ wo ìdáhùn tó gbẹ̀yìn yẹn dáadáa. Ó ti sọ ìṣòro rẹ̀ gan-an fún ìyàwó rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ìyàwó kò tíì gbà á nímọ̀ràn kankan.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀: "Kí ló dé tí kò fi jẹ́ mẹ́wàá?" Ẹ má béèrè bẹ́ẹ̀ láé. Ẹ ti ní kó wá máa ka ìdí tó fi yẹ kó máa mu sìgá nìyẹn, yóò sì kà á fún yín dáadáa.

Ẹ tún lè ní kó pín ìwé kan sí méjì: ohun tí sìgá ń fún un, ohun tí ó ń gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ kọ èyí tí ó ń fún un, láìbínú. Yóò sọ pé ó ń mú ọkàn òun balẹ̀, irọ́ kọ́. Àmọ́ púpọ̀ nínú ìbàlẹ̀ ọkàn yẹn, sìgá ló kọ́kọ́ gbà á lọ: nikotíìnì ti dín kù lára, ara ń yún un, ó mu òmíràn, ara balẹ̀. Tí ó bá ti fúnra rẹ̀ kíyè sí i pé ìbàlẹ̀ ọkàn náà kì í pẹ́ lọ títí, ẹ má tún un sọ fún un.

### Bí ó bá ti ń múra

Ẹ má tún bá a sọ̀rọ̀ ewu mọ́. Ó ti gbà. Ẹ lọ tààrà sí Ìgbésẹ̀ 5.

## Ìgbésẹ̀ 3: Bí ẹ bá fi ẹ̀rù kàn án, ẹ fi ọ̀nà àbáyọ hàn án

Àwòrán ẹ̀dọ̀fóró dúdú ti kárí WhatsApp. Kì í ṣiṣẹ́ tó bí àwọn tó ń fi ránṣẹ́ ṣe rò. Àwọn onímọ̀ ní kí ènìyàn tó gbé ìgbésẹ̀ nítorí ìlera rẹ̀, ọkàn rẹ̀ gbọ́dọ̀ dáhùn ìbéèrè mẹ́rin:

1. Ṣé ó lè ṣe èmi gan-an?
2. Bó bá ṣe mí, ṣé ó burú?
3. Bí mo bá jáwọ́, ṣé yóò wúlò?
4. Ṣé wàhálà jíjáwọ́ kò pọ̀ ju èrè rẹ̀ lọ?

Àwòrán yẹn ń dáhùn ìkejì nìkan. Ẹni tí ẹ̀rù bà tí kò rí ọ̀nà, ojú ló máa gbé kúrò. Nítorí náà, nínú gbólóhùn kan náà tí ẹ bá ti dárúkọ ewu, ẹ fi ọ̀nà sí i.

- Kò dáa: "Ẹ ó kú bí ẹ ò bá jáwọ́!"
- Ó sàn: "Ikọ́ yìí máa ń dín kù láàárín oṣù mélòó kan tí ènìyàn bá jáwọ́. Ẹ jẹ́ ká bá nọ́ọ̀sì sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ Ajé, màá tẹ̀ lé yín lọ."

Fún ìbéèrè kìíní, ẹ mú ewu tó wà nítòsí, ẹ fi jẹjẹrẹ ogún ọdún sí i sílẹ̀. Èémí tó ń já nígbà tó bá gun òkè. Ikọ́ fée, tí sìgá ń mú kó rọrùn láti mú ènìyàn. Àwọn ọmọ tí èéfín ń fún ní ikọ́ àti àrùn etí nínú yàrá kan náà. Okun ọkùnrin tó ń dín kù: ẹ jẹ́ kí ọkùnrin bí i tirẹ̀ sọ ìyẹn fún un ní kọ̀rọ̀, ó máa ń wọlé ju jẹjẹrẹ lọ. Fún àwọn tó ń ra epo kpayo (bẹntiróòlù fàyàwọ́) inú ìgò lẹ́bàá ọ̀nà, ẹ̀rù mìíràn tún wà tí kò nílò dókítà: mo ti rí ọlọ́kadà tí sìgá ń jó lẹ́nu rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń da epo sínú táǹkì rẹ̀, obìnrin tó ń ta epo náà ń pariwo, òun ń rẹ́rìn-ín.

Ìbéèrè kẹrin ni kí ẹ lo àkókò lé lórí jù. Ẹ bi í pé: "Kí ló le jù nínú rẹ̀ fún yín?" Àwọn kan á ní ìbínú. Àwọn kan á ní ìgbẹ́ kì í yá wọn láàárọ̀ láìsí sìgá (òótọ́ ni, ìgbẹ́ máa ń le díẹ̀ lẹ́yìn jíjáwọ́: omi, ìbẹ́pẹ àti ẹ̀fọ́ á ràn án lọ́wọ́). Àwọn mìíràn ń bẹ̀rù àti sanra. Ìdènà kọ̀ọ̀kan, ẹ wá ohun kan fún un.

## Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ jẹ́ kó gbà pé òun lè ṣe é

Albert Bandura, onímọ̀ nípa ìṣesí ẹ̀dá, kọ ọ́ ní 1977 pé ìgbàgbọ́ tí ènìyàn ní nínú agbára ara rẹ̀ ló ń pinnu bóyá yóò bẹ̀rẹ̀, àti bí yóò ṣe pẹ́ tó lórí rẹ̀ nígbà tó bá le. Ohun tó ń gbé ìgbàgbọ́ yẹn dìde jù ni àṣeyọrí tirẹ̀ tó ti ṣe rí. Ẹ wá a nínú ayé rẹ̀.

Bí ó bá jẹ́ Mùsùlùmí, ẹ kò ní wá a jìnnà. Ẹni tó ń gba ààwẹ̀ Rámádánì láti sààrì dé ìṣínu kì í fẹnu kan sìgá ní gbogbo ọ̀sán, nínú oòrùn, lórí iṣẹ́, fún oṣù kan gbáko. Ẹ sọ ọ́ fún un bẹ́ẹ̀: "Ẹ ti ń ṣe ọ̀sán rẹ̀ lọ́dọọdún. Alẹ́ ló kù." Ọ̀pọ̀ nínú wọn, dàbínù àti sìgá ni wọ́n jọ fi ń ṣínu, ibẹ̀ sì ni ẹ ti máa ràn án lọ́wọ́: kó mu omi, kó jẹ dàbínù, kó lọ kírun pẹ̀lú ìjọ, kó jókòó jẹun tààrà. Ẹnikẹ́ni tó bá ń múra lọ́wọ́, Rámádánì ni ọjọ́ tó dáa jù tí mo mọ̀ láti dá.

Bí kì í bá ṣe Mùsùlùmí, ẹ wá nǹkan mìíràn: ọjọ́ tó fi wà ní ilé ìwòsàn, ìgbà tí ìyàwó rẹ̀ lóyún, ìrìn àjò gígùn nínú bọ́ọ̀sì láti Ṣábẹ̀ẹ́ sí Kútọnu.

Èkejì ni kó rí ẹni tó jọ òun tó ti jáwọ́. Ọlọ́kadà ẹgbẹ́ rẹ̀ kan tó ti jáwọ́ á wọ̀ ọ́ létí ju dókítà mẹ́ta lọ. Ẹ wá irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní gáráàjì, kí ẹ ní kó wá kí i nílé.

## Ìgbésẹ̀ 5: Ìmúra

1. Ẹ dá ọjọ́. Kó wà láàárín ọ̀sẹ̀ 2. Kó má bọ́ sí ọ̀sẹ̀ òkú, ìgbéyàwó tàbí ìkọ́mọ nínú ẹbí. Ó lè dá a dúró lójijì lọ́jọ́ náà, ó lè máa dín in kù títí ọjọ́ náà fi pé. Lójú tèmi, ìdádúró lójijì sàn fún ọ̀pọ̀, nítorí ẹni tó ń dín in kù láìní ọjọ́ kì í dín in tán.

2. Kó kọ sìgá kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ fún ọjọ́ 3. Lẹ́yìn páálí rẹ̀ náà tó: aago mélòó, níbo, pẹ̀lú ta ni, kí ló ń ṣe. Yóò yà á lẹ́nu. Púpọ̀ nínú wọn kò ní ìdí kankan ju pé ọwọ́ ti mọ ọ̀nà. Ẹ wo ọkùnrin tó wà nídìí kafé òwúrọ̀: kò tíì gbé ife sílẹ̀ tán tí ọwọ́ kejì ti dé àpò ẹ̀wù.

3. Kó ṣe gbólóhùn "Bí… bá…, màá…". Gollwitzer, onímọ̀ ará Jámánì, fi hàn pé ẹni tó ti sọ ibi, àkókò àti ohun tí yóò ṣe tẹ́lẹ̀ máa ń ṣe é ju ẹni tó kàn ní "màá gbìyànjú" lọ. Mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó, kó bá ohun tó kọ sílẹ̀ mu:
   - "Bí mo bá mu kafé tán, màá fi orín sẹ́nu, màá dìde kúrò níbẹ̀."
   - "Bí Sùlé bá na sìgá sí mi, màá ní: 'Mo ti fi sílẹ̀, ẹ ṣeun,' màá sì béèrè omi."
   - "Bí èrò bá pẹ́, màá nu alùpùpù mi."

4. Kó yí ọ̀nà padà. Níbi tí wọ́n ti ń ta sìgá ní ẹyọ-ẹyọ, iná (láítà) wà tí wọ́n fi okùn so mọ́ òpó àtíbàbà. Ẹni tó bá ń kọjá níbẹ̀ lójoojúmọ́, ojú rẹ̀ á kọ́kọ́ wo iná náà. Kó gba àdúgbò kejì kọjá fún oṣù àkọ́kọ́. Kó kó iná àti abọ́ eérú kúrò nílé, kó fọ ẹ̀wù iṣẹ́ rẹ̀ kí òórùn rẹ̀ jáde.

5. Kó sọ fún ènìyàn mẹ́ta tí ojú wọn ń tì í: ìyá rẹ̀, ọ̀gá rẹ̀, lèmọ́mù tàbí pásítọ̀ rẹ̀. Kó má sọ fún gbogbo àdúgbò.

6. Owó sìgá, kó ní ibi tó ń lọ. Ká ní ó ń mu ẹyọ 10 lójúmọ́, tí ẹyọ kan jẹ́ 50 sẹ́fà: 500 lójúmọ́ nìyẹn, 15,000 lóṣù, 182,500 lọ́dún. Ẹ fi iye tó ń rà á gan-an rọ́pò rẹ̀. Kó fi dá àjọ tàbí kó jù ú sínú kóló lálaalẹ́, kí ó sì ti pinnu ohun tí yóò fi í rà. Owó tí kò ní orúkọ á padà sí ìdí àtíbàbà.

## Ìgbésẹ̀ 6: Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́

Ọjọ́ kejì àti ìkẹta ló máa ń le jù. Yóò máa bínú, oorun lè dá lójú rẹ̀, ebi á máa pa á, ọkàn rẹ̀ ò ní pa pọ̀. Èyí ń rọlẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ 2 sí 4. Ẹ sọ fún gbogbo ilé ṣáájú, kí ìyàwó má rò pé òun ló bínú sí, kí àwọn ọmọ má sì wá wàhálà rẹ̀.

Òùngbẹ sìgá kọ̀ọ̀kan kì í sábà ju ìṣẹ́jú 3 sí 5 lọ, bí ó mu ún bí kò mu ún. Ohun tí yóò ṣe láàárín ìṣẹ́jú yẹn:

- kó sún un síwájú: "lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún";
- kó mí kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá;
- kó mu omi díẹ̀díẹ̀;
- kó fi ọwọ́ ṣe nǹkan: tẹ̀sùbáà, orín, ẹ̀pà.

Ìkìlọ̀ lórí kafé: sìgá máa ń mú kí ara tètè lo kaféènì tán. Bí ènìyàn bá jáwọ́ tí kò sì dín kafé kù, kaféènì á pọ̀ lára, àyà á máa já a, kò ní rí oorun sùn, yóò sì rò pé àìmu sìgá ló fà á. Kó dín kafé kù sí ìdajì. Obì náà ní kaféènì, kó má fi í rọ́pò sìgá láti àárọ̀ dé alẹ́.

Ìkìlọ̀ lórí sódàbì (ọtí líle ìbílẹ̀): oṣù àkọ́kọ́, kó yẹra fún un. Ibi òkú ni ewu pọ̀ sí jù, níbi tí sódàbì ti ń yí agbo ká tí páálí sìgá sì wà lórí tábìlì fún ẹnikẹ́ni. Bí kò bá lè má lọ, kó lọ láàárọ̀, kó kí ẹbí, kó sì padà kí ilẹ̀ tó ṣú.

## Oògùn

Fún ẹni tó ń tan sìgá kí ìṣẹ́jú 30 tó pé lẹ́yìn tó jí, tàbí tó ń mu ju 10 lọ lójúmọ́, ẹ béèrè ohun tó wà ní fámasí ńlá tàbí lọ́dọ̀ dókítà. Àjọ Ìlera Àgbáyé ti fi ṣingọ́ọ̀mù àti páàsì (èyí tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ara) tó ní nikotíìnì sínú àkójọ oògùn kòṣeémáàní láti 2009.

- Ṣingọ́ọ̀mù: ẹ má jẹ ẹ́ bí ti ọmọdé. Kó rún un díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi ta lẹ́nu, kó fi í pamọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́, tí títa náà bá lọ kó tún rún un. Kò gbọ́dọ̀ mu kafé tàbí ohun kíkan ní ìṣẹ́jú 15 ṣáájú rẹ̀. Àwọn tó ní "kò ṣiṣẹ́" tàbí "inú ń rìn mí", ọ̀pọ̀ wọn ló ń gbé itọ́ rẹ̀ mì.
- Páàsì: ọ̀kan lójúmọ́, lára ibi tó gbẹ tí kò ní irun, kó máa yí ibẹ̀ padà lójoojúmọ́.

Aláboyún, ọmọdé, ẹni tó ní àrùn ọkàn: dókítà ni kó pinnu. Ẹni tó ń lo oògùn àtọ̀gbẹ tàbí oògùn àrùn ọpọlọ, kó sọ fún dókítà rẹ̀ kí ọjọ́ jíjáwọ́ tó pé, nítorí ìwọ̀n oògùn rẹ̀ lè yí padà.

Àgbo tí wọ́n ní ẹ dà sínú ọbẹ̀ rẹ̀ láìjẹ́ kó mọ̀, ẹ má ṣe é. Ẹ ò mọ ohun tó wà níbẹ̀. Bí ó bá sì mọ̀, kò ní jẹun yín fún ìgbà pípẹ́, kò sì ní fetí sí yín mọ́.

Áṣáà kì í ṣe jíjáwọ́, nikotíìnì kan náà ló wà níbẹ̀. Ṣíṣà náà èéfín ni. Ní ti sìgá oníná, mi ò ní gba ẹni tí kò mu ún rí nímọ̀ràn láti bẹ̀rẹ̀.

## Àwọn ọ̀rẹ́

Bí gbogbo ẹgbẹ́ tó wà ní gáráàjì bá ń mu sìgá, jíjáwọ́ á dà bí ìgbéraga. Ẹ má ní kó fi ọ̀rẹ́ sílẹ̀, kò ní ṣe é. Kó bẹ olórí wọn nìkan: "Ẹ má fún mi, bí mo tilẹ̀ bẹ̀ yín." Ó sì lè gbára lé òfin: òfin tábà ti 2017 ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ kò gba sìgá mímu ní ibi tí gbogbo ènìyàn ń lò. Nínú ilé, òfin tiyín ni: kò sí sìgá nínú yàrá, kò sí ọmọ tí ẹnikẹ́ni máa rán lọ ra sìgá.

## Bí ó bá tún mu ọ̀kan

Yóò ṣẹlẹ̀ sí ọ̀pọ̀. Púpọ̀ nínú àwọn tó jáwọ́ pátápátá ló gbìyànjú ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Sìgá kan yẹn kọ́ ló máa ń dá ènìyàn padà, bí kò ṣe ohun tó sọ fún ara rẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀: "Mo ti bà á jẹ́ náà, kí n kúkú mu páálí tán."

1. Kó ju èyí tó kù nù lójú ẹsẹ̀.
2. Ẹ bi í láìbínú: "Ibo ni? Ta ni ẹ wà pẹ̀lú? Kí ló ṣẹlẹ̀ ṣáájú?"
3. Ẹ fi ìdáhùn rẹ̀ ṣe gbólóhùn "Bí… bá…" tuntun kan.
4. Ọjọ́ jíjáwọ́ kò yí padà. Kó tẹ̀ síwájú ní wákàtí kan náà.

Ẹ má sọ pé "mo mọ̀ pé ẹ ò lè ṣe é." Gbólóhùn yẹn á wó gbogbo ohun tí ẹ kọ́ ní Ìgbésẹ̀ 4.

## Ìgbà tó yẹ kí ẹ lọ sí ilé ìwòsàn

- ikọ́ tó ju ọ̀sẹ̀ 2 lọ (kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò fún ikọ́ fée);
- ẹ̀jẹ̀ nínú kẹ̀lẹ̀bẹ̀;
- àyà tó ń dùn ún tàbí èémí tó ń já: ẹ má dúró di ọ̀la;
- ìbànújẹ́ tó wúwo tí kò lọ, tàbí tó ń sọ̀rọ̀ pé òun fẹ́ kú.

## Ìgbà tí ẹ ó máa béèrè lọ́wọ́ rẹ̀

Ọjọ́ 1, ọjọ́ 3, ọjọ́ 7, ọ̀sẹ̀ 2, oṣù 1, oṣù 3, oṣù 6. Ìpè kékeré lórí fóònù tó. Ẹ má béèrè pé "ṣé ẹ ti mu ún?" Ó máa ń dún bí ìgbà tí ọlọ́pàá bá ń wá olè. Ẹ béèrè pé "Èwo ló le jù lọ́sẹ̀ yìí, báwo lẹ ṣe ṣe é?" Lẹ́yìn oṣù 6, ẹ lè jẹ́ kí ìpè náà dín kù, àfi bí òkú tàbí ìgbéyàwó ńlá bá ń bọ̀ lọ́nà. Nígbà náà, ẹ pè é ní ọjọ́ kan ṣáájú, kí ẹ bi í pé kí ni yóò fi ọwọ́ mú níbẹ̀.